Abómilọ: Èrò Kan lórí Orúkọ Àwọn Ẹ̀dá tí Ìṣàn Òkun ń Gbé Kiri

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń pàdé nínú ìwé bàọ́lọ́jì, tí wọ́n ń há sórí, tí wọ́n sì ń kọ sínú ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó lè sọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà ni plankton. Àwa tí a ń dá ọ̀rọ̀-ìperí sílẹ̀ kò tíì ràn wọ́n lọ́wọ́ tó. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 wúlò púpọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, fún lítíréṣọ̀ àti fún ọgbọ́n ìkọ́ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìwé náà láti fún wa ní orúkọ ohun tí ń bẹ nínú òkun. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé orúkọ tí ó bá yẹ àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ti inú ìbáṣepọ̀ wọn pẹ̀lú ìṣàn omi jáde, kì í ṣe láti inú bí wọ́n ti kéré tó tàbí bí wọ́n ti rí lójú. Òkun ìpẹ̀kun ayé, ní àríwá àti ní gúúsù, ni a ó fi ṣe ẹ̀rí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìṣàn ti hàn gbangba jù lọ lára wọn.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ó kan ará Kòmu nínú òkun tí yìnyín bò. Kòmu wà nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láàrin Ìsẹ́yìn àti Ṣakí; iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọkà bàbà ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń gbìn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ojú kan òkun ní láti gba Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó dé Èkó. Ṣùgbọ́n kí olúwarẹ̀ wọ ọjà. Pánla gbígbẹ tí ó le bí igi, ṣáwá yíyan, àti ẹja inú yìnyín tí a ń pè ní òkú-Èkó: púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ òkun tiwa. Láti òkun Nọ́wè àti ti Áísílándì ni a ti ń kó wọn wá. Pánla tí mo ń sọ yìí, ẹja cod ni, tí àwọn ará Nọ́wè ń so kọ́ sórí igi ní erékùṣù Lofoten láti nǹkan bí oṣù Kejì títí di oṣù Karùn-ún kí afẹ́fẹ́ òtútù lè gbẹ ẹ́. Ní etí erékùṣù yẹn kan náà ni ẹja náà ń yé ẹyin sí. Ìṣàn etíkun Nọ́wè ni ó ń gbé ẹyin náà àti àwọn ọmọ tí ó bá pa lọ sí àríwá, títí dé Òkun Barents, níbi tí wọn yóò ti dàgbà. Ohun tí ọmọ ẹja náà sì ń jẹ lójú ọ̀nà ni ọmọ ẹ̀dá kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Calanus finmarchicus, tí àgbà rẹ̀ pàápàá kò gùn ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ. Ṣáwá àti òkú-Èkó tí wọ́n ń kó ti ibẹ̀ wá náà, Calanus ni wọ́n ń jẹ sanra. Ẹ̀dá tí a kò ní orúkọ fún ni ó bọ́ ẹja tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Bí àwọn atúmọ̀ àti olùkọ́ bá kan ọ̀rọ̀ yìí, ohun mẹ́ta ni ó sábà ń wá sí wọn lẹ́nu. Èkíní ni “kòkòrò inú omi”. Olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì ní Kòmu sọ fún mi pé ohun tí òun ń pè é nìyẹn bí èdè Òyìnbó bá ti há àwọn ọmọ lọ́rùn, àti pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi òun lẹ́yìn náà ni pé, ṣé ó máa ń ta ènìyàn, àti pé oògùn wo ni a fi ń pa á. Ẹ̀bi àwọn ọmọ kọ́. Kòkòrò inú omi tí wọ́n mọ̀ ni tanwíji, tí ń ta gìrìgìrì nínú omi àmù tí a kò dà nù fún ọjọ́ mélòó kan, tí ó sì ń di ẹ̀fọn lẹ́yìn náà. Omi tí ó dúró ni tanwíji ń gbé. Orúkọ tí ó yẹ kí ó mú ọmọ lọ sínú ìṣàn òkun ni ó dá a padà sídìí àmù.

Èkejì ni “ẹ̀dá tíntìntín inú omi”. Èyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ wà nínú rẹ̀. Nínú òkun tútù ti àríwá, ẹ̀dá kan wà tí ara rẹ̀ rí bí ògì dídì, Cyanea capillata ni wọ́n ń pè é. Ó dà bí agboorùn tí a ṣí, agboorùn náà sì lè fẹ̀ ju mítà 2 lọ. Plankton ni, nítorí pé bí ó ti tóbi tó un, ibi tí omi bá ń lọ ni òun náà ń lọ. Bí a bá sọ fún ọmọ pé ohun tíntìntín ni plankton, tí a sì wá fi àwòrán èyí hàn án, ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò pè ní irọ́.

Ẹ̀kẹta ni “àléfòó”. Àwọn tí ó ń lo èyí ti sún mọ́ òtítọ́ ju àwọn ìyókù lọ, ṣùgbọ́n igi ń léfòó, yìnyín ń léfòó, òkú ẹran náà ń léfòó. Èyí tí ó burú jù ni pé Calanus tí a ń sọ kì í gbé ojú omi ní gbogbo ìgbà. Bí ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́lé, a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ibú tí ó jìn ju mítà 500 lọ, nígbà mìíràn tí ó ju 1000 lọ, yóò sì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan láì jẹun, ọ̀rá tí ó ti kó sára ni yóò máa ná títí oòrùn yóò fi padà dé. Ẹ̀dá tí ó wà ní ibú òkun ní ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún mítà, kí ni a fẹ́ fi “àléfòó” sọ nípa rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á padà síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Victor Hensen, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kiel ní Jámánì, ni ó mú un wọ inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1887. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti yá a. Alárìnkiri ni ó túmọ̀ sí, ohun tí a ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Hensen kò wo gígùn, kò wo àwọ̀, kò ka ẹsẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà nínú oríkì rẹ̀: bí omi bá ń lọ, ǹjẹ́ ẹ̀dá yìí lè kọ̀? Èyí tí kò bá lè kọ̀, plankton ni.

Kí ọ̀rọ̀ tó lè yé wa síwájú, a gbọ́dọ̀ ya ìṣàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbì, nítorí ibẹ̀ ni àwọn atúmọ̀ ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo ti ka ju ìtumọ̀ kan lọ tí wọ́n ti pe ìṣàn òkun ní ìgbì òkun, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìgbì ń gbé omi sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá ju igbá sójú òkun tí ìgbì wà ṣùgbọ́n tí ìṣàn kò sí, yóò máa jó lójú kan náà ni. Ìṣàn ni ó ń kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn. Èyí kò ṣòro fún ọmọ Òkè-Ògùn, ẹni tí agbègbè rẹ̀ gba orúkọ lára odò. Láti orí òkè lẹ́bàá Ṣakí ni Odò Ògùn ti ń sun, ọ̀sà Èkó ni ó sì ń wọ̀. Ọmọ tí ó bá ju igbá sí i ní ìsàlẹ̀ ìdídò Ìkéré lákòókò òjò mọ̀ pé kò sí ìdí láti dúró dè é níbẹ̀.

Òkun ìpẹ̀kun àríwá, tí a ń pè ní Àkítíìkì, ni ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù. Ní ọdún 1881, ọkọ̀ Jeannette ti àwọn ará Amẹ́ríkà rì ní àríwá Sàìbéríà. Ní ọdún 1884, a rí àwọn ohun èlò inú rẹ̀ lórí yìnyín ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Greenland, ní ìhà kejì òkun náà pátápátá. Fridtjof Nansen ti Nọ́wè wá rò ó pé bí ohun èlò bá lè rin ìrìn náà, ọkọ̀ náà yóò lè rìn ín. Ó ní kí wọ́n kan ọkọ̀ kan tí yìnyín kò ní lè fọ́, Fram ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1893 ó mọ̀ọ́mọ̀ wà á sínú yìnyín kí ó lè dì í mú. Odidi ọdún mẹ́ta ni ìṣàn fi gbé ọkọ̀ àti yìnyín lọ, tí kò sí ẹni tí ó wà á, títí ó fi bọ́ sí gbangba omi lẹ́bàá Svalbard ní ọdún 1896. Lábẹ́ yìnyín bẹ́ẹ̀, ìgbì kò lè rú. Ẹni tí ó bá pe ohun tí ó gbé Fram ní ìgbì ti sọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìṣàn ń ṣe fún àwùjọ àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí. Ọmọ ìyá Calanus mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì ní àríwá. Finmarchicus ni ti omi Àtìláńtíìkì tí kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Glacialis ni ti omi tútù tí kò jìn, tí ó yí Àkítíìkì ká. Hyperboreus, tí ó tóbi jù nínú wọn, tí ó lè gùn tó mìlímítà 7, ni ti ibú Àkítíìkì àti ti Òkun Greenland. Ìṣàn kan wà tí ń gbé omi Àtìláńtíìkì lọ sí àríwá. Ọwọ́ rẹ̀ kan ń gba ìwọ̀-oòrùn Svalbard kọjá, èkejì ń wọ Òkun Barents. Ní ọdún tí ìṣàn yìí bá wọ àwọn apá òkun tí ó ya wọ ilẹ̀ Svalbard gan-an, finmarchicus ni yóò kún ibẹ̀. Ní ọdún tí omi tútù bá dúró ti ilẹ̀, glacialis ni yóò pọ̀. Ẹyẹ dúdú-òun-funfun kékeré kan tí ń yé ẹyin sáàárín àpáta níbẹ̀, Alle alle, fẹ́ràn glacialis jù, nítorí pé ó tóbi, ó sì lọ́ràá. Bí omi bá yí padà, ẹyẹ náà yóò fò jìnnà sí i láti wá oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀. Láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn ni omi Àtìláńtíìkì ti ń wọ ibẹ̀ síwájú sí i, tí ó sì ń gbóná sí i. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí onímọ̀ èdè fà yọ níbí. Èkíní ni pé ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ lè ya finmarchicus sọ́tọ̀ kúrò lára glacialis. Gígùn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi DNA yẹ̀ wọ́n wò ni wọ́n tó rí i pé ọ̀pọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ bí ọ̀kan ni ó jẹ́ èkejì. Bí gígùn bá lè tan àwọn tí ó ń fi ẹ̀rọ amóhun-tóbi wò ó jẹ bẹ́ẹ̀, kí ni “tíntìntín” fẹ́ ṣe fún wa?

Èkejì ni ọ̀rọ̀ “àwùjọ” tí mo lò lókè yìí. Lára finmarchicus, àwọn kan wà tí ìṣàn ń gbé wọ inú ibú Àkítíìkì. Wọn kì í kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà bímọ níbẹ̀. Òmíràn tí ìṣàn bá tún gbé wá ni ó ń rọ́pò wọn. Àwùjọ ibẹ̀ ní onílé, ó sì ní àlejò. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì bá iṣẹ́ náà mu ju àwọn àpólà gígùn tí a ń fi ipá dá sílẹ̀ lọ. Ẹ̀dá onílé ni èyí tí ń bímọ níbi tí ó wà. Ẹ̀dá àlejò ni èyí tí ó jẹ́ pé bí ìṣàn kò bá mú òmíràn wá, yóò tán. Ọmọ kíláàsì kejì yóò gbà á sétí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ìpẹ̀kun gúúsù, ìṣàn tí ó wà níbẹ̀ ni ó tóbi jù lọ ní ayé. Ó ń yí ilẹ̀ Àǹtákítíìkà ká láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, kò sì sí ilẹ̀ tí ó dí i lọ́nà. Omi tí ó ń gbé kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ju kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 130 lọ. Bí a bá pa gbogbo odò ayé pọ̀, ó ju ìlọ́po 100 wọn lọ. Níbi tí omi tútù gúúsù ti pàdé omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju ú lọ, tí ó sì wọ abẹ́ rẹ̀, ojú-ìpàdé omi wà níbẹ̀ tí ó dà bí ààlà ìlú: ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tí ó wà ní ìhà ìhín kò sí ní ìhà ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ a kò mọ ògiri síbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ìwádìí Discovery tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán lọ láàrin ọdún 1925 sí 1951 ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a fi mọ èyí. Lára ohun tí wọ́n lọ wádìí ni kírììlì, Euphausia superba, tí ó jọ edé, tí ó sì lè gùn tó sẹ̀ńtímítà 6. Ní àyíká South Georgia, àbùrọ̀ òkun, ẹyẹ pẹ́ńgúìnì àti séèlì ń jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ bímọ ní agbègbè náà. Láti ìhà Àǹtákítíìkà, ní gúúsù, ni ìṣàn ti ń kó o wá. Ní ọdún tí ó bá wọ́n, àwọn ọmọ ẹyẹ àti ọmọ séèlì a máa kú púpọ̀ níbẹ̀. Àlejò ni ó ń bọ́ onílé.

Ọ̀rọ̀ tí a dábàá fún plankton ni “abómilọ”. Ìhun rẹ̀ kò ṣòro: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe bá, ọ̀rọ̀-orúkọ omi, àti ọ̀rọ̀-ìṣe lọ, fáwẹ̀lì bá jẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì dúró sórí omi, ó di bómi. Kò sí ẹni tí ó ń sọ Yorùbá tí kì í sọ pé ohun kan “bómi lọ”. Zooplankton yóò jẹ́ abómilọ-ẹran, phytoplankton yóò jẹ́ abómilọ-ewéko. Mo yan ẹran dípò ẹranko nítorí pé oko ṣì ń fọhùn nínú ẹranko, kò sì yẹ kí á mú oko lọ sáàárín òkun bí kò bá pọn dandan.

Àtakò méjì ni mo ti gbọ́. Àwọn kan ní “bómi lọ” lẹ́nu wa túmọ̀ sí pé nǹkan ṣòfò: owó bómi lọ, iṣẹ́ bómi lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n afẹ̀ ni ìyẹn, orí ìtumọ̀ gidi ni ó dúró lé. Oríkì sáyẹ́ǹsì sì lè padà sídìí ìtumọ̀ gidi láì ba afẹ̀ jẹ́. Èkejì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní orúkọ náà sọ ẹ̀dá di aláìlágbára, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ mọ̀ pé abómilọ-ẹran kì í ṣe igi gbígbẹ. Púpọ̀ nínú wọn ń gòkè wá sí ojú omi lálẹ́, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lójú mọmọ. Alister Hardy, tí ó bá ọkọ̀ Discovery lọ ní ọdún 1925, ti pe àfiyèsí sí ohun tí èyí lè já sí: ìṣàn òkè àti ìṣàn ìsàlẹ̀ kì í sábà lọ sí ibì kan náà tàbí kí wọ́n yára bákan náà, nítorí náà ẹ̀dá tí ó bá mọ ìgbà tí yóò gòkè àti ìgbà tí yóò sọ̀ kalẹ̀ lè dé ibi tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ dé. A dáhùn pé “bá” ni ó gba orúkọ yìí là. Ẹni tí ó bá ọkọ̀ lọ láti gáréèjì Ìsẹ́yìn kò wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó yan ọkọ̀ tí ó wọ̀. Abómilọ ń bá omi lọ. Ó ń yan omi tí yóò bá lọ. Bí a bá pè é ní “àgbélọ”, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan fẹ́ràn, omi nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́, ẹ̀dá náà yóò sì di ẹrù.

Èrè mìíràn tún wà lára “bá”. Ní ọdún 1890 ni Ernst Haeckel dá nekton sílẹ̀ fún àwọn tí ó lè lúwẹ̀ẹ́ dojú kọ ìṣàn: ẹja ńlá, àbùrọ̀, séèlì. Yorùbá fún wa ní èyí lọ́fẹ̀ẹ́: abómijà. Abómilọ àti abómijà, bá kan náà, ìyàtọ̀ wà ní ọ̀rọ̀-ìṣe ìparí. Ẹ wo ohun tí èyí mú kí ó ṣeé sọ. Àwọn onímọ̀ òkun ṣì ń jiyàn lórí kírììlì tí ó ti dàgbà, nítorí pé agbo rẹ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ gidi. Ní Yorùbá, iyàn náà yóò jẹ́: ṣé abómilọ ni, àbí abómijà? Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Bí a bá ti pè é ní kòkòrò inú omi, a kò lè béèrè ìbéèrè náà rárá.

Àwọn tí ó ní kí á kúkú yá ọ̀rọ̀ náà lò, kí á pè é ní pláńkítọ́ọ̀nù, kí ó parí, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Àyálò dára fún kírììlì, ó dára fún Calanus. Orúkọ àdáni ni wọ́n, kò sí oríkì tí wọ́n gbé sínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìṣe kan ṣoṣo lọ, ìṣe tí ìyá àgbà ń dárúkọ lójoojúmọ́, kí ni a ń lọ yá sí? Iṣẹ́ Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ lè gba sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 wọ́n fagi lé e. Èyíkéyìí tí ìjọba ìbáà fọwọ́ sí, olùkọ́ Kòmu yóò ṣì yíjú padà kúrò lójú pátákó bí àwọn ọmọ kò bá gbọ́ ohun tí ó sọ, yóò sì wí nǹkan kan ní Yorùbá. Ohun tí yóò wí ni ó wà lọ́wọ́ wa.

Kò yẹ kí á ro pé òkun yìnyín nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún. Ní etíkun tiwa, Ìṣàn Gínì ń gba iwájú Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ bọ̀ wá sí Nàìjíríà. Láti nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù ń ti ìsàlẹ̀ sun wá sókè ní iwájú Gánà àti Côte d’Ivoire. Ìbátan Calanus kan, Calanoides, tí ó ti wà ní ibú tí ó ń dúró, a gòkè wá pẹ̀lú omi náà, a bímọ lọ́pọ̀lọpọ̀, a sì padà sí ibú bí àsìkò bá kọjá. Ìgbà náà ni àwọn apẹja Gánà ń kó sàdínì jù. Mo ń pe irú omi bẹ́ẹ̀ ní “ìsunsókè”, láti ara ìsun tí a mọ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n mo ń lò ó fún ìgbà díẹ̀ ni. Kí á tó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó yẹ kí á rán akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn Ìlàjẹ, sí Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágìrì, kí wọ́n lọ gbọ́ ohun tí àwọn tí ń gbé àwọ̀n lọ sójú òkun ń pe oríṣiríṣi ìrìn omi. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń dá ọ̀rọ̀-ìperí sílẹ̀, ọmọ igbó tàbí ọmọ ọ̀dàn ni wá, ó sì ń hàn nínú iṣẹ́ wa.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa ẹgbẹ́ tí Calanus wà, copepod. Ẹsẹ̀ tí ó dà bí ohun tí a fi ń tukọ̀ ni Gíríìkì pè é, a sì lè túmọ̀ rẹ̀ tààrà sí ẹlẹ́sẹ̀-àjẹ̀. Èmi kò ní dábàá rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé wa kì í fẹ́ràn àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ tí ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé. Ọjọ́ tí àmì bá yẹ̀, àjẹ́ ni yóò gba òkun. Ẹlẹ́sẹ̀-ìtukọ̀ kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀.

Ó ku ibì kan tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì dán. Ẹja cod tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, abómilọ ni nígbà tí ó wà ní ẹyin àti nígbà tí ó wà lọ́mọ. Bí ó bá dàgbà, abómijà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ akàn: wọ́n ń bómi lọ léwe, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀ omi lágbà. Calanus ní tirẹ̀ ń bómi lọ láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ikú. Fún ti àkọ́kọ́, abómilọ-èwe tẹ́ mi lọ́rùn. Fún ti Calanus, mo ti gbìyànjú abómilọ-ayé, ó kúrú, ó sì dùn ún pè, ṣùgbọ́n ó ń dún bí ẹni ń bú ènìyàn. Kí òǹkàwé tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù fi í ránṣẹ́ sí olóòtú.